Kí Àwọn Ọmọ Ogun Òkun Tó Wọṣọ Tán

Ọmọ ogun mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló ṣẹ́kù tí mi ò tíì kùn lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ojú òun ń lọ. Mo rántí iye yẹn nítorí pé òun ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, kí àánú ọkùnrin náà tó ṣe mí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ṣì ń tì mí pé ìṣirò ni mo kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀rẹ́ ni mo pè é, ṣùgbọ́n ó fi bí ogún ọdún jù mí lọ, Bàbá ni mo sì máa ń pè é. Ègùn ni, ọmọ bíbí Àpá. Iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Nígbà kan, ó ṣòro kí èèyàn lọ láti Àpá dé ọjà Agbálátà láìrí lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ lára ṣọ́ọ̀bù, lára ṣọ́ọ̀ṣì, lára mọ́ṣáláṣí, lára ọkọ̀ ojú omi. Kì í fi rúlà fa ìlà. Á mí kanlẹ̀, á di èémí náà mú, ìlà á sì lọ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n nà. Èmi ní tèmi, ará Èkìtì ni mí, tíṣà ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Adó, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lọ wò wọ́n. Àwọn ọjọ́ yòókù nínú oṣù náà kì í tètè lọ.

Sáìnbọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ wa ló wá kọ tí a fi mọra. Mo fi fídíò kan hàn án lórí fóònù mi: àwọn àgbàlagbà òyìnbó tó ń kun ọmọ ogun oníke tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń tò wọ́n sórí tábìlì, tí wọ́n sì fi ń jagun. Dáìsì ló ń sọ ẹni tó ṣubú àti ẹni tó dúró. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n tún un fi hàn òun. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé òkè òkun fi páálí méjì ránṣẹ́ sí wa, ọgọ́rin ọmọ ogun nínú páálí kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn láwọ̀ eérú. Bàbá ní òun ló ni ogun Ọ̀sà, pupa àti dúdú. Èmi ni mo ni ogun Òkun, búlúù àti funfun. A gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan lé orí dúrọ́ọ̀mù méjì nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Àpá, a fi gọ́ọ̀mù lẹ iyanrìn etíkun mọ́ ọn, ó sì fi búrọ́ṣì fa ọ̀sà gba àárín rẹ̀ kọjá. Pápá ogun wa nìyẹn.

Òun ló ṣòfin. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò gbé sáìnbọ́ọ̀dù tí òun ò tíì kọ tán kọ́ síta rí, nítorí náà ọmọ ogun tí kò bá tíì wọṣọ kò gbọdọ̀ tẹ pápá. Ọ̀dà ló ń pè láṣọ. Mo gbà, torí mo ti rí i lórí fóònù pé àwọn òyìnbó náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, a sì bọ ara wa lọ́wọ́ lé e lórí. Ọdún mẹ́rin kọjá, ogun kan ṣoṣo kò wáyé lórí tábìlì yẹn, èmi ni mo sì fà á.

Kí ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù ni. Bí mo bá jókòó ti ọmọ ogun kan, mo fẹ́ kí ẹyinjú rẹ̀ hàn, kí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ pé, kí ojú idà rẹ̀ dán. Ẹyọ kan lè gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá parí rẹ̀, màá gbé e sójú fèrèsé, inú mi á dùn fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà màá yíjú wo àwọn tó kù lórí pẹpẹ, gbogbo ojú eérú yẹn á máa wò mí, ara mi á sì wúwo. Màá ní ó di ìgbà tí mo bá máàkì ìwé ìdánwò tán. Màá ní ó di ìgbà tí iná bá dé. Nígbà tí ìwé bá tán tí iná sì dé, màá ní búlúù tí mo ní kò jọ búlúù òkun, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn kiri. Ìgbà kan wà tí oṣù méje kọjá tí mi ò fọwọ́ kan búrọ́ṣì. Eruku bò wọ́n. Mo nu eruku náà kúrò, mo sì ka ìyẹn sí iṣẹ́ tí mo ṣe lóṣù náà.

Bàbá kìlọ̀ fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní báyìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bí òun bá gba iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ kan náà wà lára wọn, òun kì í kọ ọ̀kan tán kí òun tó bọ́ sórí ìkejì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni òun máa ń kọ sára mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kó tó kan lẹ́tà kejì. Bákan náà ni kí n kun bàtà gbogbo ọgọ́rin, kó tó kan ṣòkòtò gbogbo ọgọ́rin, kí n máa gùn ún bọ̀ láti ẹsẹ̀ títí dé ojú. Mo ní èmi fẹ́ kí olúkúlùkù wọn ní ìwà tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n níwà lóòótọ́, ìhòòhò ni wọ́n kàn wà.

Síbẹ̀, bí mo bá parí ẹyọ kan, mo máa ń gbé e lọ fún un ní Sátidé. Á mú un lọ sójú fèrèsé, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á wá sọ pé, "É nyọ́." Ègùn ni, "ó dára" ló túmọ̀ sí. Bí mi ò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò ní kúrò níbẹ̀. Lọ́dún kẹta, ó sọ fún mi pé òun ti parí tòun, gbogbo ọgọ́rin. Ó ti kó wọn sínú páálí, ó fi okùn dì í, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kó jẹ́ kí n wò wọ́n. Ó ní ọjọ́ tí ogun bá bẹ́ ni màá rí wọn. Ìyangàn ni mo kà á sí, ó sì dùn mí díẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá, mo gbé ọmọ ogun kọkànlélógún lọ fún un. Kò dìde lọ sójú fèrèsé. Ó mú un dání, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lórí. Ó wá sọ fún mi pé ojú òsì ti lọ tipẹ́, ti ọ̀tún sì ń fún bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́, ìkùukùu sì ń bò ó láràárọ̀. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú ni, èyí tó ti bàjẹ́ kò ní padà, oògùn tí wọ́n ń kán sójú kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin máa wá mú un lọ sọ́dọ̀ nígbà tí oṣù keje bá ń parí. Kò ní padà wá gbé Àpá mọ́.

"Tíṣà, mo fẹ́ rí wọn," ó ní. "Ogun méjèèjì lórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ojú yìí tó lọ."

Ìgbà yẹn ni mo ṣe ìṣirò tí mo sọ. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, màá ṣe é. Lórí ọ̀kadà tó gbé mi padà, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọlọ́kadà, mo ń bú ara mi. Ọdún mẹ́rin tí ojú rẹ̀ fi wà ni mo fi ń kun bọ́tìnì.

Ohun tó ní kí n ṣe ni mo wá ṣe. Mo to àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́ta sórí pákó, mo bẹ̀rẹ̀ láti bàtà. Mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo máa ń jókòó sójú fèrèsé bí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti wọlé, mi ò sì ní fẹnu kan nǹkan kan títí bàtà mẹ́wàá á fi tán. Ọjọ́ mẹ́fà, bàtà tán. Orí mi wú. Mo bọ́ sórí ṣòkòtò, ibẹ̀ ni nǹkan ti yí. Ṣòkòtò ò tán. Funfun kì í bo eérú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lèèyàn á kùn ún. Nígbà tí mo dé ìkẹtàlélógójì, mo kórìíra wọn. Mo kórìíra ẹsẹ̀ wọn tó pínyà, mo kórìíra ibi tí búrọ́ṣì ò lè wọ̀ láàárín itan wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo mú ọ̀kan, mo fi lu ògiri, idà ọwọ́ rẹ̀ sì já. Mo kúnlẹ̀ mo ń wá idà tó rí bí ẹyọ ìrẹsì kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi àgbàlagbà, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kí ní sà.

Ohun tó burú jù ni pé mi ò ní nǹkan tí mo lè gbé lọ fún un mọ́. Bí wọ́n bá ń ṣe é bó ṣe ń ṣe é, kò sí èyí tó máa parí títí gbogbo wọn á fi parí. Sátidé dé, mo ní bàtà ti tán. Sátidé dé, mo ní ṣòkòtò ti ń lọ. Á bi mí pé irú búlúù wo ni mo lò, màá ṣàlàyé, á mi orí. Lọ́sẹ̀ kan, ó da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ó ní kí n tan iná fún òun, oòrùn sì wà nínú yàrá náà gbòò. Mo tan iná náà. Mo padà sílé, mo tún mú búrọ́ṣì. Mò ń sá eré kan, mi ò mọ ibi tí ẹni tí mò ń bá sá a dé.

Mo yọwọ́ nínú ẹyinjú àti bọ́tìnì. Ojú wọn di àmì dúdú méjì, ó tán. Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn oṣù keje, mo kun ojú ẹni tó kẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ máa dé ní Jímọ̀, wọ́n máa lọ ní Sọ́ńdè. Sátidé ló kù fún wa.

Fáníìṣì tó ń dáàbò bo ọ̀dà ló ṣẹ́kù. Bàbá kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìfi fáníìṣì bò ó, ó ní iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ìlú yìí á jẹ ọ̀dà tán lójú ẹni. Búrọ́ṣì ló máa ń fi kun tirẹ̀. Èmi ń kánjú, mo lo ti inú agolo tí wọ́n ń fọ́n. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró. Mo to gbogbo ọgọ́rin sórí pákó ní ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tó kọjú sí ọ̀sà, mo fọ́n ọn láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo wọlé lọ mu tíì. Ó ti sọ fún mi rí pé a kì í fi fáníìṣì kan nǹkan tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Èmi náà ti sọ fún un rí pé mo gbọ́.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti funfun. Gbogbo wọn, láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da ẹfun lé lórí. Búlúù ò sí mọ́, ojú ò sí mọ́. Mo fi ìka nù ún, kò kúrò. Mo fi omi nù ún, kò kúrò. Ìkùukùu tí Bàbá sọ pé ó ń bo ojú òun láràárọ̀, òun náà ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ́n sórí wọn. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù, mo sì sunkún. Mi ò sunkún báyẹn nígbà tí bàbá tó bí mi lọ́mọ kú.

Ìyá kan wà ní ilé kejì tó ń fún òróró àgbọn tà, Ègùn lòun náà. Ẹkún mi ló gbọ́ tó fi yọjú láti orí ọgbà. Ó wọlé, ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ ogun. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni pé òun ló bà á jẹ́. Kò bínú padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ ọmọ wò lẹ́yìn tó wẹ̀ lókun.

"Tíṣà, ara wọn ló kàn funfun," ó ní. "Ẹ fi òróró pa wọ́n."

Mo ní kó jọ̀ọ́, ike ni, kì í ṣe èèyàn. Ó ti ń lọ nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìgò kékeré kan bọ̀, ó kán òróró sí ìka, ó fi pa ọmọ ogun náà láti orí sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e sí iwájú mi. Búlúù ti padà, ojú dúdú méjì yẹn sì ń wò mí.

Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní, mi ò sì wádìí. Mo fi búrọ́ṣì pa òróró àgbọn sára ọgọ́rin ọmọ ogun ní Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀, mi ò lọ sílé ẹ̀kọ́, mo ní ara mi ò yá, kì í sì í ṣe irọ́. Ní àárọ̀ Sátidé, ogun Òkun wọṣọ tán. Gbogbo wọn ń rùn bí ilé ìdáná.

Bí mo ṣe wọlé, Bàbá gbọ́ mi, ó yí ojú sí mi, ó sì yí i kọjá mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Mo dúró sójú kan pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ tó ń di ẹrù jáde wá láti yàrá kejì, ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé ni, pé ibi tí fèrèsé wà nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì ń mọ̀. Ọjọ́ Ajé, mò ń kun ojú ọmọ ogun. Ó ti pẹ́ jù. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ yanu gbé mi mì.

Bàbá gbọ́ òórùn òróró náà, ó bi mí pé kí ni mo sè wá, mo sọ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní kí n gbé tòun sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí n tò wọ́n fún òun.

Mo tú okùn náà. Ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ rí, nítorí pé orí wọn ló wà nísàlẹ̀ páálí. Bàtà gbogbo ọgọ́rin mọ́ rekete, ìlà pupa tín-ín-rín yí ọrùn bàtà kọ̀ọ̀kan ká, irú èyí tí ọwọ́ mi ò lè fà láéláé. Ṣòkòtò wọn náà dára. Nígbà tí mo gbé ojú sókè dé ìgbànú, ìlà náà ti ń gbọ̀n. Ẹ̀wù wọn ti ya bàrà, pupa ti ṣàn dé ọwọ́, dúdú ti bọ́ sórí apata. Ọ̀dà ojú bọ́ sí èjìká ẹni kan, ó bọ́ sí fìlà ẹlòmíràn, ó bọ́ sí ẹ̀yìn orí àwọn mìíràn. Kò sí ẹyọ kan nínú gbogbo ọgọ́rin tó ní ojú.

Ó ti gùn ún bọ̀ láti ẹsẹ̀ bó ṣe kọ́ mi, ìmọ́lẹ̀ sì ti ń tán lójú rẹ̀ bó ṣe ń gùn. Ó lé lọ́dún kan tó ti sọ pé òun parí. Gbogbo Sátidé tó fi mú ọmọ ogun mi lọ sójú fèrèsé, mi ò mọ èyí tó rí níbẹ̀ àti èyí tí kò rí. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo páálí náà, ó wò mí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì padà sídìí ẹrù tó ń dì.

"Ṣé wọ́n dára?" Bàbá bi mí.

Mo mú ọ̀kan lọ sójú fèrèsé. Mo jẹ́ kó gbọ́ ẹsẹ̀ mi dé ibẹ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì.

"É nyọ́, Bàbá," mo ní.

Ó mí kanlẹ̀. Mo tò wọ́n sí ìhà tirẹ̀ lórí tábìlì, mo to tèmi sí òdìkejì ọ̀sà, mo mú ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí gbogbo wọn kó lè mọ ibi tí oníkálùkù wà. Ogun bẹ̀rẹ̀. Ó mọ òfin náà jù mí lọ. Bó bá ju dáìsì, màá sọ ohun tó jù fún un. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó ń borí mi, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá kan ibi tí ọ̀gágun rẹ̀ fẹ́ sọdá ọ̀sà. Bó bá ju oókan, ọ̀gágun lọ nìyẹn, ogun sì lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun mìíràn yòówù kó jù, ó ti borí. Ó mi dáìsì náà lọ́wọ́ pẹ́, ó jù ú.

"Kí ni mo jù?"

Mo wò ó. Mo tún un wò. Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo ti ń gba "É nyọ́" lẹ́nu rẹ̀, mo sì ti parọ́ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò lè parọ́ mìíràn.

"Oókan ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí iyanrìn títí ó fi rí i.

"O lè parọ́ fún mi, mi ò ní mọ̀," ó ní. "O ṣé. A jẹ́ pé òótọ́ lo sọ nípa àwọn ọmọ ogun mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ọ̀gágun rẹ̀ kúrò lórí pápá, mo sì sọ fún un pé ó kàn mí.